Àwọn Èrò Tí Bàbá Rẹ Fi Sójú Òfuurufú

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi,

Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lónìí tí o ti padà sí ìlú ńlá lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ, ilé yìí sì ti wá tóbi jù mí lọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń kanra ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, àtẹ̀gùn gíga tí o ń gùn lọ síbi iṣẹ́ kò ní yọ̀ ọ́. Àlàáfíà ni mo wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń bá mi jà, èmi náà sì ń bá a jà, a ò tíì mọ ẹni tó máa dá ẹnìkejì. Adìẹ rẹ dúdú ti pamọ, ó sì ti ń ṣe fáàrí sí mi nínú àgbàlá ara mi.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bàbá rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. O sọ lórí fóònù pé géèmù lásán ni, kí n pa á, pé o ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ, o sì ń bọ̀ wá gbé e lópin oṣù. Mo yára dágbére fún ọ, nítorí mo rò pé ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ní ilé-iṣẹ́ fóònù kò gbọdọ̀ mọ̀ pé à ń jà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, báwo ni èèyàn ṣe ń fi ọkọ̀ tọrẹ nígbà tí èrò ṣì wà nínú rẹ̀?

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ omi ni wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan, èyí tí ìjọba Sófíẹ̀tì ṣe. Ìjọba tó ṣe é ti túká, ọkọ̀ náà kò gbọ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló ní, gbogbo wọn wà lẹ́yìn bí ọmọ tí a pọ̀n. Aago inú rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn á rò pé oníṣòwò aago ló kó o síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kankan tó ń sọ ohun tí aago wí. Lẹ́tà ara wọn kò sì jọ a-bí-dí tí wọ́n kọ́ wa. Èèyàn mẹ́rin ló yẹ kó máa wà á. Bàbá rẹ ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, èmi ni ẹnjiníà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á ní epo ńkọ́, màá wo ojú aago, màá ní apá ọ̀tún àti apá òsì dọ́gba. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ kí n jókòó ti àwọn ni.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, a wà lókè, ó kù díẹ̀ kí a máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan, ọkọ̀ dúró gbagidi sójú òfuurufú. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, àwọn fẹ́ lọ na ẹ̀yìn díẹ̀, àwọn ń bọ̀. O mọ ìyókù.

Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, mi ò sì pa á; bí iná bá lọ, bátìrì ilé ló ń gbé e dúró. Láràárọ̀ ni mò ń kí àwọn èrò náà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà, nítorí a kì í gba èèyàn sílé ká má kí wọn. Mo ti túfọ̀ awakọ̀ wọn fún wọn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé abiyamọ lè wà nínú wọn.

Nígbà tí o ní o ń bọ̀, mo rí i pé a gbọ́dọ̀ gbé wọn balẹ̀ kí o tó dé. Mo bẹ Bùọ̀dá Tírélà, ayálégbé wa ní yàrá ẹ̀yìn, tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní ṣé ọ̀nà tí kò ní kòtò, tí ewúrẹ́ kì í ré kọjá, ló máa ṣòro fún òun? Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bíréèkì lábẹ́ tábìlì. Ó bi mí pé níbo ni fèrè wà, mo ní kò sí, ó ní tí ẹyẹ bá wá dúró níwájú wa ńkọ́? Mo ní kó jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo epo. Ó ní kí Ìyá Onílé má bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

A já. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọkọ̀ dojú délẹ̀ sínú oko olóko. Mo káwọ́ lérí, mo bú sẹ́kún, Bùọ̀dá Tírélà ṣí fìlà, kò lè wò mí lójú. Nígbà tó yá, ó ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì kan, a sì tún rí ọkọ̀ náà níbi tí bàbá rẹ fi í sí gan-an, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bùọ̀dá Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí jó. Èmi ń wo bọ́tìnnì yẹn. Kí ló dé tí ikú ilé wa kò ní irú rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń já, tí mò ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn èrò. Níkẹyìn mo sọ fún un pé nínú ọkọ̀ yìí, dírẹ́bà kì í dá a ṣe. Gbogbo bí bàbá rẹ ṣe máa ń pe nǹkan inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó balẹ̀ ló wà lórí mi bí àdúrà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pè é bí wọ́n ṣe ń pè é, mo sì ń dá ara mi lóhùn. Taya ńkọ́? Ó ti jáde. Epo ńkọ́? Ó dọ́gba. Bùọ̀dá Tírélà kò ṣàwàdà mọ́, òógùn ń kán nímú rẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ yọ, ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan bí ọ̀pọ̀lọ́, ó balẹ̀, ó yà wọ inú koríko, ó dúró. Mo ní ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ewu.

Inú mi dùn títí Bùọ̀dá Tírélà fi padà sí yàrá rẹ̀. Ìgbà náà ni ó wá yé mi. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ yẹn wà lókè, bàbá rẹ ṣì ń bọ̀ wá parí iṣẹ́ wọn. Ó ti balẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe mọ́. Mo sun ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí gbogbo yín ń yìn mí pé ọkàn mi le.

Ní ọjọ́ kejì, Bùọ̀dá Tírélà dé láìjẹ́ pé mo pè é. Ó bọ́ bàtà. Ó ní ibi tí a já èrò sí, ṣé kò sí àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ padà ni? Ó ní òun kò rí dírẹ́bà tó ń wọ ọjà tí kì í gbé èrò bọ̀. Mo lọ gbé àga mi.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, má wá gbé kọ̀ǹpútà yìí. Bá mi bẹ ẹni tí o ṣèlérí fún, ra nǹkan mìíràn fún un. Fi owó iná ránṣẹ́, nítorí iná ti ń lọ jù, bátìrì kò sì lè gbé wa dókè. Tí wọ́n bá fún ọ láyè níbi iṣẹ́, ìwọ náà wá, àga méjì ṣófo. Ọlọ́run tó ń gbé ni ga yóò gbé ọ ga, kò ní já ọ sílẹ̀. O ò ní sin ọmọ, o ò ní ṣe opó ní kékeré.

Bàbá rẹ kò tíì kọ́ mi bí a ṣe ń gbé e kúrò nílẹ̀. Àwọn nìkan ló máa ń ṣe ìyẹn. A ti gbìyànjú, kò tíì dìde. A ó tún gbìyànjú lálẹ́ òní, àti lọ́la, mi ò ní fi í sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.