Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Wá Ẹbí Fún Ọ̀rọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ọ́fíìsì yín ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú dùn ọ́ nídìí ìwé kíkà. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń bá mi jiyàn bí mo bá fẹ́ dìde.

Ìwé atúmọ̀ èdè tí ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣe ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó wúwo bí ọmọ ọwọ́. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, ló ń kà á fún mi. Ó ní iṣẹ́ yín ni láti wá ìdílé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá àti ẹni tó bí wọn. Ni mo bá lọ sọ fún aránṣọ àdúgbò wa pé àwọn tó sọnù lọmọ mi ń wá rí. Kíá ló gbé fọ́tò àbúrò ọkọ rẹ̀ wá, èyí tó jáde nílé tí kò bojú wẹ̀yìn, ó ní kí ẹ bá òun wá a. Mo ti fi fọ́tò náà sínú àpòòwé yìí. Etí òsì rẹ̀ tóbi ju tọ̀tún lọ, bóyá ìyẹn á ràn yín lọ́wọ́.

Tísà ní “mọ́dà” tí àwọn òyìnbó ń pe ìyá àti “matẹ́níti” tí a ti ń gbẹ̀bí, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan jókòó sílé, èkejì ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá kó tó wá bá a, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Mo ní kò burú, ohùn tìrẹ náà ti yí padà lórí fóònù, matẹ́níti ṣáà wálé.

Mo bi í pé ta ló wá bí àwọn méjèèjì. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni ìyá wọn, ó wà nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì ìràwọ̀ síwájú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó rí i rí. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ wò tí ẹ fi mọ bó ṣe rí. Ọmọ mi, mo ní kí tísà pa ìwé náà dé ná. Obìnrin yẹn bímọ káàkiri ayé, kò sí ẹyọ kan tó dúró tì í!

Ilé yìí dákẹ́ jù. Rédíò ni mò ń tàn kí n lè gbóhùn èèyàn, ẹni tó ń ka ìròyìn máa ń kí mi, àmọ́ kì í dúró gbọ́ èsì. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

O lè rò pé owó ni mo fẹ́ béèrè. Rárá o, ara rẹ ni kí o fi ránṣẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé o jọ mí bí ìmumu, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ ojú rẹ ni wọn yóò máa wò kí wọ́n tó mọ̀ mí.

Ọ̀nà á là fún ọ, o ò ní wá mi tì.

Èmi ìyá rẹ, tí o ṣì lè wá rí.