Mọ́rísì Tíṣà Ìbíkúnlé àti Ẹsẹ̀ Iwájú Rẹ̀

Ilé Fáṣuyì,
Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ẹ̀fọ̀n-Aláayè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Oṣù kẹwàá, 1987.

Rótìmí ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé omi Èkó kò bá ọ lára jà? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí o yí dànù lórí òkè Ẹ̀fọ̀n nígbà tí o wà ní kékeré kò ní jẹ́ kí o ṣubú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí o bá bi wá, a wà. Bàbá yín ń kí ọ, wọ́n ti bá ọ bẹ Ògún wọn, èmi náà sì tún àdúrà kan náà gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó lè jẹ́ pé apá méjèèjì ló gbọ́. Iṣu ta dáadáa. Ìbejì tí àgùntàn dúdú bí lọ́jọ́sí ti di géńdé, ọ̀kan nínú wọn jọ bàbá yín lójú.

A rí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o kọ sí wa. O ní àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ yín ti ń ra ọkọ̀ àtijọ́ báyìí, pé bó ṣe ń gbó ni iyì rẹ̀ ń pọ̀. Inú mi dùn, torí mo ti rò pé ohun tó gbó kò níyì lójú yín mọ́ ní Èkó. O ní kí n bá ọ wo ọkọ̀ Mọ́rísì méjì, ti Tíṣà Ìbíkúnlé tó fẹ̀yìn tì sí Erio, àti ti Antí Janet, opó akọ̀wé kóòtù ní Ìdó-Ilé. Pé kí n mú Ògúnlàdé mẹkáníìkì dání, kí a wo ẹsẹ̀ iwájú wọn, kí a sì wádìí bóyá a lè máa rí ẹ̀yà ara wọn rà.

Ìyẹn kò ṣòro fún mi rárá, ṣebí èmi ni mo ṣe alárinà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbé ìyàwó. Mo wọ aṣọ tó dára, mo di obì sí etí aṣọ, ó di Erio. Mo bi Tíṣà bóyá wárápá wà ní ìdílé ọkọ̀ náà, bóyá ó ti bá ẹnikẹ́ni jà rí, bóyá ó máa ń jí láàárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tì í. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kò ní wárápá o, ó kàn máa ń gbọ̀n bó bá ń gun òkè ni. Mo ní wárápá náà nìyẹn. Ògúnlàdé wọ abẹ́ rẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mú bí a ṣe ń di ti ewúrẹ́ mú lọ́jà, mo fà á, kò tapá. Ògúnlàdé ní ẹsẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn ló ṣì wà níbẹ̀, pé irin gbọọrọ kan ló ń lọ́ bí aṣọ tí à ń fún nígbà tó bá wọ kòtò, tí yóò sì tún tú ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ ti jẹ, bí a kò bá fi gírísì pa á déédéé, ó lè kúnlẹ̀ lójijì lójú títì. Mo ní ọkọ̀ tó mọ ìkúnlẹ̀, ilé ire ló ti wá.

Ti Antí Janet ló bà mí lẹ́rù. Ọkọ wọn olóògbé ti ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ iwájú Mọ́rísì náà, wọ́n fi ti ọkọ̀ Dásọ̀n rọ́pò rẹ̀! Ògúnlàdé ń yìn ín, ó ní ó le, kì í gbọ̀n, kò sì sí àdúgbò tí o lè yà sí ní Èkó tí o kò ní rí ẹ̀yà rẹ̀ rà, ó ní o lè lo ọdún márùn-ún láìwá ohunkóhun wá sí Ẹ̀fọ̀n. Èmi rò ó lọ́kàn mi pé: Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rìn, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀nà ilé?

Mo wá béèrè ibi tí ti Tíṣà ní ẹbí sí. Ògúnlàdé mi orí, ó ní kò ní ẹbí ní Èkó, kò ní ní Ìbàdàn, àfi Mọ́rísì mẹ́ta tó ti kú, tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun ní Ẹ̀fọ̀n níbí. Ó ní ẹni tó bá ra ti Tíṣà, gbogbo ìgbà ni yóò máa wálé wá ẹsẹ̀, kí n tètè kọ̀wé sí ọ pé ti Antí Janet ni kí o rà.

Rótìmí, mo ti san àsansílẹ̀ ti Tíṣà.

Má bínú sí mi. Ọdún Àjíǹde mẹ́ta ti kọjá tí a kò rí ọ sójú. Bàbá yín kì í sọ̀rọ̀, o mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ìró ọkọ̀ lọ́nà, wọ́n á dìde, wọ́n á ní kí n wò ó bóyá ọmọ àwọn ló dé ilé, torí ojú wọn kò ríran jìnnà mọ́. Mo ti sọ pé rárá títí, ó ti sú mi. Àárò rẹ ń sọ wá. Ilé làbọ̀ sinmi oko, Èkó náà sì jẹ́ oko.

Mo ta àgùntàn tí kò jọ bàbá yín, mo fi owó rẹ̀ ra gbogbo ẹsẹ̀ iwájú tó kù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ògúnlàdé. Bàbá yín fi epo pupa pa wọ́n, wọ́n ní irin tí yóò bá àwọn mú ọmọ wálé, Ògún gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì náà sókè, bí mo bá yíra padà, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n bí ẹni ń gun òkè. Má rán dírẹ́bà wá gbà wọ́n, má rán ọ̀rẹ́ rẹ, n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Wá fún wa ní ìyókù owó Tíṣà, àti owó gírísì, àti ti bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Má fi gba báńkì. Ọjọ́sí wọ́n ní ìbuwọ́lùwé mi kò jọ ti àkọ́kọ́, mo ní báwo ni yóò ṣe jọ ọ́, inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mo kọ ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá.

Ọ̀nà kò ní bá ọ ṣọ̀tá. Ògún bàbá rẹ kò ní kọ ẹ̀yìn sí ọ, Jésù mi yóò jókòó tì ọ́ níwájú ọkọ̀. Kí ẹsẹ̀ Mọ́rísì yìí gbé ọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìyẹ̀. Bí o bá sì ti wọ àgbàlá wa, kí ó kúnlẹ̀, kí ó má tètè dìde. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Felicia Fáṣuyì.