Awò Ìbọn Tí Mo Bá Bàbá Rẹ Yàn

Green River, Wyoming
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Kaylene mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Laramie lọ́hùn-ún? Níbí, a dúpẹ́ náà ni. Orúnkún ń dùn mí, afẹ́fẹ́ kò sì jẹ́ kí òrùlé sinmi láti oṣù kejì, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì lè di gègé mú kò gbọdọ̀ ráhùn jù. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. O ní irinwó dọ́là lo ní, pé kí n sọ irú awò ìbọn, dígí orí ìbọn tí à ń wò kí a tó yìn, tí o lè fi rà tí yóò ṣeé fi yìn jìnnà, kí n sì fi ìbọn bàbá rẹ ránṣẹ́ sí ọ. Ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé náà, o kọ ọ́ pé o tàsé ẹtu pápá méjì lọ́dún tó kọjá, pé bóyá ọwọ́ bàbá rẹ lo jogún. Kaylene, mo ka ìlà yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, ó sì di ọjọ́ kẹta kí n tó lè tún un gbé. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, etí tó sì yẹ kó gbọ́ ọ kì í ṣe tìrẹ.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá rẹ fi kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ láti pa àgbò ìgbẹ́ orí òkè. Ọdọọdún ni ìjọba ń ṣẹ́ kèké, ọdọọdún ni kèké ń mú ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì mú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni láyé rẹ̀. Ọdún tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, tí dókítà ní kó fi iṣẹ́ ìwakùsà sílẹ̀, ọdún yẹn ni orúkọ bàbá rẹ, Verl Stoddard, jáde. Ó pè mí lórí fóònù, kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló kàn ń rín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?" Ó ní, "Àgbò kan ni. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ ni."

Àgbò yẹn kì í gbé ibi tí ẹsẹ̀ aláìsàn lè dé. Bàbá rẹ ní láti yìn ín láti òdìkejì àfonífojì, awò àtijọ́ tó wà lórí ìbọn rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ilé ìwòsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó ilé tán, ohun tó kù fún awò kò pọ̀. Ó ní kí n sin òun lọ yàn án, torí èmi ni mo máa ń pe ara mi ní ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ìbọn nínú ẹbí wa. O mọ ẹnu mi.

Dub tó ń ta ohun èlò ọdẹ gbé méjì kalẹ̀ fún wa, iye kan náà. Ọ̀kan jẹ́ àlòkù, ara rẹ̀ ti họ, kò sì fa nǹkan mọ́ra ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n kókó orí rẹ̀, èyí tí à ń yí sókè kí ọta lè lọ jìnnà, bí o bá yí i padà dé òdo, nọ́mbà tó ti bẹ̀rẹ̀, gbọin ni yóò dúró, kò lè kọjá ibẹ̀. Èkejì tuntun ni, ó ń dán, ó ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n kókó tirẹ̀ ń yí lọ ń yí bọ̀, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Bàbá rẹ gbé èyí tó họ, ó ń yí kókó rẹ̀, ó ń fetí sí i bó ṣe ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó ní, "Orrin, eléyìí ni ọkàn mi fẹ́." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé agolo lẹ fẹ́ máa yìn lẹ́yìnkùlé ni? Tuntun yìí, irun imú àgbò lẹ máa fi kà!" Bàbá rẹ gbé àlòkù náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, a sì ra tuntun náà.

Nígbà tó ku ọ̀la ká wọ òkè, a dúró ní pápá láti dán ìbọn wò. Ní igba yáàdì, bàbá rẹ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kanra. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi alásejù, mo ní kí n fi ohun tí awò mi lè ṣe han ẹ̀gbọ́n mi. Mo yí kókó náà sókè fún òkúta kan tó wà ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin yáàdì, mo sì fọ́ ọ. Odidi ìyípo kan ni ìyẹn gbà, kò lé, kò dín, òdo yí ká, ó sì padà wá kojú mi. Ni afẹ́fẹ́ bá dé, bàbá rẹ ní ká máa lọ, òtútù ti ń mú òun láyà. Mo bojú wo kókó náà fìrí, mo rí òdo, mo ki ìbọn bọ inú àpò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lo irú awò yẹn tí kò mọ̀ pé ìyípo là ń kà, pé nọ́mbà nìkan kò tó. Ìlà kéékèèké wà lábẹ́ kókó náà tí à ń wò fún un. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn. N kò wo ìlà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, a rí àgbò náà. Ó dá dúró lójú àpáta ní òdìkejì, irinwó yáàdì ó lé ọgbọ̀n, ìwo rẹ̀ ká wá sábẹ́ ojú. Bàbá rẹ dojú bolẹ̀ sórí àpò rẹ̀, ó yí kókó náà bó ṣe yẹ, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé awò ńlá tí à ń fi wo ọ̀nà jíjìn sójú láti máa wo ibi tí ọta bá bà. Iṣẹ́ ẹni tó ń wo ọta kò ju ẹyọ kan lọ: kó sọ ibi tó bà, kó má sọ ìdí. Bàbá rẹ ló kọ́ mi ní ìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.

Ó yìn ín. Mo rí eruku lára àpáta. Ká ní èèyàn kan dúró lé àgbò náà lẹ́yìn ni, orí onítọ̀hún ni ọta ì bá bà. Àgbò náà kò tilẹ̀ sá, kò mọ ibi tí ariwo ti wá. Bàbá rẹ ní, "Níbo ló bà?" Mo sì dá a lóhùn pé, "Ọwọ́ yín ló gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fara balẹ̀." O mọ̀ pé oògùn ọkàn yẹn máa ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, òun náà ni mo sì sọ. Háà, Kaylene! Ká ní mo sọ pé ó ga ju àgbò lọ ní ìdúró èèyàn kan, kíá ni ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́, ì bá sì dojú ìbọn kọ ìsàlẹ̀ díẹ̀ yìn ín. Ó fara balẹ̀ lóòótọ́. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ojú kan náà ni eruku ti sọ. Àgbò náà rìn kọjá góńgó òkè, kò tilẹ̀ sáré.

Ní ọ̀sán, nígbà tí bàbá rẹ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, mo gbé ìbọn náà láti nù ún. Mo yí kókó padà sí òdo, ojú mi sì lọ sísàlẹ̀. Ìlà kan ló yẹ kó hàn. Méjì ló hàn: ìyípo tí mo yí lánàá ṣì wà níbẹ̀, òun ló gbé ọta bàbá rẹ lọ sókè. Mo ní mo máa sọ fún un lójú ẹsẹ̀, mo se kọfí, mo gbé e lọ bá a. Kí n tó la ẹnu, ó gba ife náà, ó ní, "Orrin, o ṣeun tí o sọ òótọ́ fún mi. Ẹlòmíràn ì bá máa tàn mí ni. Ọwọ́ mi ti lọ. Jẹ́ ká relé." Ojú tì mí láti sọ ọ́, òun ni òótọ́ ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ṣì kù kí àṣẹ rẹ̀ tó parí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ojú ọjọ́ sì mọ́ kedere ní gbogbo rẹ̀. Mo wa ọkọ̀, mo gbé e lọ sílé.

Ìwọ náà rí bí ìgbà òtútù ọdún yẹn ṣe rí. Kò fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Ó kó ìyẹ́ àti òwú tó fi máa ń ṣe ìwọ̀ ẹja tó dà bí kòkòrò fún aládùúgbò, ó ní ọwọ́ òun kò gbà á mọ́. Nígbà tó yá, ìyá rẹ ló ń bá a fá irùngbọ̀n. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń lọ síbẹ̀, mo ń jẹ ẹran gbígbẹ wọn, mo ń bá a wo bọ́ọ̀lù, n kò sì sọ ọ́. Ní oṣù kejì ó kú. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ òun ló tàsé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe àbámọ̀ nìkan, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Nítorí náà, má tún kọ ọ́ sí ìwé mọ́ pé ọwọ́ bàbá rẹ lo jogún bí ẹni tó jogún àrùn. Bàbá rẹ kò tàsé. Èmi ni mo tàsé, lẹ́ẹ̀mẹrin: ní ṣọ́ọ̀bù, ní pápá, lójú àgbò, àti nídìí kọfí yẹn.

Nípa awò tí o béèrè, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlọ́po tàn ọ́. Mẹ́wàá tó. Gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́, bí o bá ṣì ń rí ẹ̀ka igi níkọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ dára. Yí kókó rẹ̀ sókè, yí i padà, kí o sì yìn ín, kí o rí i pé ojú kan náà ló padà sí. Kó ní ohun tó ń dá a dúró ní òdo. Àlòkù kò burú rárá. Má sì ná irinwó náà tán lórí rẹ̀, òrùka tó so ó mọ́ ìbọn gbọ́dọ̀ le, kí o fi ìyókù ra ọta tí o máa fi kọ́ṣẹ́. Mo ti yọ awò tuntun yẹn kúrò lórí ìbọn bàbá rẹ. Ìbọn náà ń bọ̀, awò náà kò bọ̀.

N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí báyìí. Bí o bá bínú, o jàre. Kí Ọlọ́run tu ìwọ àti ìyá rẹ nínú, kó ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí òkè, kó má sì jẹ́ kí o ní irú ohun tí mo ń gbé káàkiri yìí láyà títí ayé.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ,
Orrin

Àfikún: Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, mo gun òkè yẹn, orúnkún tàbí kò sí orúnkún. Ọjọ́ méjì ló gbà mí kí n tó dé ojú àpáta tí àgbò náà dúró sí. Mo gbójú sókè, mo rí àmì òjé ọta méjèèjì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo gun òkúta kan, mo na ọwọ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo lé wọn, ó bo méjèèjì. Láti irinwó yáàdì ó lé ọgbọ̀n, Kaylene, aláìsàn tí mo sọ fún pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ló yìn wọ́n. Fọ́tò méjì ló wà nínú àpò ìwé yìí. Nínú ọ̀kan, ọwọ́ mi wà lórí àpáta. Nínú èkejì, mo ti gbé e kúrò. Jọ̀wọ́, fi han ìyá rẹ.