Wákàtí Mẹ́fà Àbọ̀ sí Ọ̀dọ̀ Délé

Bàbá mi, ẹni ire,

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Màmá ti wọ bàálù! Àwọn tí òòyì ń kọ́ bí wọ́n bá dúró sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ rántí pé bí bàálù bá ń kọjá lókè ilé wa ní Iléṣà, ẹ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ó máa wò ó títí kò fi ní hàn mọ́. Ẹ ó wá bi mí pé ibo ló ń lọ. Ṣé ó wù yín láti wọ̀ ọ́ ni?

Nígbà tí ẹ kú, Délé àbúrò mi kò lè wá sin yín, nítorí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ṣàlàyé títí, Màmá kò gbọ́. Bó bá pè lórí fóònù, wọ́n á ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Ó ti lọ sí ibi tó jìnnà, ó ti gbàgbé ilé, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn.

Àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Màmá fúnra wọn ló ní kí n bá àwọn wá físà. N kò bi wọ́n léèrè ìdí.

Odidi ọjọ́ kan la fi rìn láti Iléṣà dé Èkó, pẹ̀lú ọ̀nà tó bàjẹ́ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la wọ bàálù. Ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú ìjókòó wa fi hàn pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà ni dé Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Màmá dijú, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń ka Sáàmù. Ìgbà tí a dé òkè aṣálẹ̀ ni wọ́n tó lajú.

“Ó ku wákàtí mélòó?”

“Mẹ́ta, Màmá.”

Wọ́n wo ìta lójú fèrèsé.

“Ṣé ibi tí ọmọ mi wà kò ju báyìí lọ ni? A pẹ́ lójú ọ̀nà Èkó ju èyí lọ!”

Mo rò pé ẹkún ló kàn, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n jẹ oúnjẹ wọn tán, wọ́n bá mi jẹ nínú tèmi.

Bí Délé ṣe rí wa ní pápákọ̀ òfurufú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn èèyàn ń wọ́ àpótí wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Màmá kàn dúró. Ìgbà tó yá, wọ́n gbé báàgì wọn fún mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fà á láṣọ.

“Dìde, Àkànbí. Ilẹ̀ yìí tutù.”

Láti ìgbà ìsìnkú yín, wọn kò fi oríkì pè é mọ́. Délé kò lè dìde, ẹkún ló ń sun. Ni Màmá bá jókòó tì í sórí ilẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè wọn.

Wọ́n ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ló ń wẹ ọmọ láràárọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn àti Délé wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń jiyàn lórí orin tí ẹ máa ń fi súfèé bí ẹ bá ń wẹ̀. Oníkálukú ń súfèé tirẹ̀. Kò sí èyí tó jọ tiyín, Bàbá, ṣùgbọ́n inú ilé yìí dùn.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí kò yéé fẹ́ràn yín.