Wọ́n Pa Ọ́ Kí O Tó Jókòó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọ̀fun kò dùn ọ́, nítorí ọ̀fun ni ọkọ́ tí o fi ń roko báyìí? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há, ikọ́ kò ní mọ ojúlé rẹ, ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ rẹ kò ní gbàgbé ọ̀nà àpò rẹ̀. Àmín. Àwa náà wà. Ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá a ṣọ̀tá. Èmi náà ṣì ń fá pákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi ti ń rí ìlà kan bíi méjì, tí gbogbo àga tí mo ń kàn sì ń fì díẹ̀. Aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n kí ọ. Ó ra ọ̀kan nínú àwọn àga náà, kò sì tíì bínú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ wúwo, nítorí náà bí o bá wà ní ìdúró, wá nǹkan jókòó lé. Ọ̀rọ̀ eré àwòrán ilẹ̀ òkèèrè yẹn ni, èyí tí o pè wá lórí fóònù pé o ti ríṣẹ́ nínú rẹ̀, pé ìwọ lo ń fi èdè wa sí ẹnu ọ̀daràn ibẹ̀, Olójìji, ẹni tó ń já òjìji gbà lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ tó sì ń kó o sínú ìgò. Mi ò kọ́kọ́ gbà. Mo ní ọmọ tí mo rán níléèwé kò lè lọ di olè òjìji. Mo tilẹ̀ lọ sí báńkì, mo bi ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì bóyá owó tí o fi ránṣẹ́ ní òjìji ẹnikẹ́ni nínú. Ó tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò ó títí, ó wò mí náà títí, ó ní owó náà mọ́, kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Ìgbà yẹn lọ́kàn mi tó balẹ̀ tí mo gbà kí àbúrò rẹ gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sára ògiri pálọ̀, kí a lè máa wò ọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ mi, ta ló ń darí àwọn èèyàn yẹn? Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yàtọ̀ sí oorun. Ọmọkùnrin onírun funfun tó jẹ́ akọni ibẹ̀ gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè lọ́jọ́ Ajé. Mo rí i, aránṣọ rí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹ̀ṣẹ́ ṣì wà lókè, ó ń ronú nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Lọ́jọ́rú afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀, iwin tó fẹ́ lù sì dúró tìí, ó ń ṣàlàyé fún un irú agbára tí òun ní àti ibi tí agbára náà kù sí. Ta ló bi í? Ọjọ́bọ ni ẹ̀ṣẹ́ tó balẹ̀, ó sì tàsé. Bí èmi bá gbé òòlù sókè lọ́jọ́ Ajé tó balẹ̀ lọ́jọ́bọ, tí mo sì tún tàsé ìṣó, ta ni yóò gbéṣẹ́ fún mi? Mo pariwo mọ́ ọn pé kó lù ú, ìyá rẹ ní kí n rọra, pé ọmọ ẹlòmíràn ni.

Ìwọ wá ńkọ́? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dúdú kan ni wọ́n há ọ mọ́. Ẹni tó ya ilẹ̀kùn yẹn kò mọṣẹ́ rárá, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló fi ọwọ́ ilẹ̀kùn àti irin tó gbé e dúró sí, kò lè ṣí láéláé, mo sì rò pé ìdí tí o kò fi jáde nìyẹn. Bí eré bá ti fẹ́ parí, ilẹ̀kùn á máa tàn yòò, gbogbo wọn á máa gbọ̀n, ohùn rẹ á wá ròkè lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n dúró de òun, pé òun ń bọ̀. Ó tán nìyẹn. Ọjọ́ kejì, òun ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun ń bọ̀. Aránṣọ ní bóyá ẹsẹ̀ lo fi ń rìn bọ̀.

Ìyá rẹ kò bìkítà fún ìjà wọn. Á ti sùn lọ lórí àga, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti yọ báyìí, á jí fúnra rẹ̀, á tún gèlè ṣe, á ní à ń retí rẹ o, kí o rọra máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ń wọlé lọ sùn. Ọ̀rọ̀ kan náà lo ń sọ fún wa lórí fóònù, ohùn kan náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Olójìji kì í pa ìrọ̀lẹ́ kankan jẹ. Lọ́jọ́ kan mo pè ọ́ níbi tí o ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló dáhùn nínú fóònù, ó ní o kò gbé e. Mo ní irọ́ lo ń pa, ọmọ mi rèé níwájú mi. Obìnrin náà tún un sọ, kò tijú.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé ọ̀la ni ilẹ̀kùn á ṣí. Ìyá rẹ gbá pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ kí àna. Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́, Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. O jáde, o ga ju ilé lọ, agbádá dúdú ń wọ́ lẹ́yìn rẹ, inú mi dùn. Kàkà kí o jà, ńṣe lo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, o ní bàbá rẹ ló nà ọ́ ní kékeré tí o fi di ìkà. Aránṣọ yí ọrùn padà, ó wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo nà ọ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, nígbà tí o fi ayùn mi rẹ́ ẹsẹ̀ àga oníbàárà. Níbi tí mo ti ń ṣàlàyé fún aránṣọ ni ọmọ onírun funfun ti fún ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, o di eérú. Ẹ̀ṣẹ́ kan! Ẹni tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi tí a gbé kaná fún àlejò kò tíì gbóná tó fi di ohun tí wọ́n ń gbá nílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, àwọn wọ̀nyí kò tiẹ̀ jẹ́ kí o jókòó.

Ìyá rẹ ké. Lọ́jọ́ kejì ó tún jókòó síbẹ̀ ní àsìkò yẹn, ó ń retí ohùn, àwọn tó pa ọ́ ni wọ́n ń jẹun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ó dùn mí.

Nítorí náà, bẹ ọ̀gá rẹ kí wọ́n jí Olójìji. Kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wọn, olùkọ́ ọmọ onírun funfun yẹn ti kú lẹ́ẹ̀mẹta, ńṣe ló ń sanra sí i. Kí wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ nínà yẹn jẹ, nítorí aránṣọ kò dá òòlù tó yá lọ́wọ́ mi padà, ó ní ẹ̀rù mi ń ba òun. Fi owó tẹlifíṣọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́, àti ti egbòogi orúnkún, àti díẹ̀ tí mi ò ní sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹnu tí o fi ń jẹun kò ní di ẹnu tí o fi ń bẹ̀bẹ̀. Òjìji rẹ kò ní ṣáájú rẹ sùn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò nà ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn àpòòwé ni mo ti ń kọ èyí, kí ẹni tó ń gbé lẹ́tà má bínú. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa kí n tó ròyìn fún ìyá rẹ ohun tí mo kọ. Ó ní kí n pa ọ̀rọ̀ jíjí yẹn rẹ́, pé kí ni òun fẹ́ fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣe. Ó ní ìgbà tí o wá kẹ́yìn, o kò bọ́ bàtà, òun ṣì ń bu omi ìwẹ̀ rẹ lọ́wọ́ tí o ti ní ọkọ̀ ń dúró dè ọ́, omi náà tutù sínú garawa. Ó ní kí o má pè wá mọ́ pé o ń bọ̀, a ti gbọ́ ìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti tún ilẹ̀kùn wa ṣe, kò há mọ́, ìka kan tó láti ṣí i. Kí o ṣáà kàn án. Ìyá rẹ ní bí o kò tilẹ̀ fọhùn, òun á mọ̀ pé ìwọ ni.