Ilé Tí Mo Yà Lórí Òkè Mápó

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Orí itan ni mo ti ń kọ èyí, ẹ má bínú pé ó rí wúruwùru. Wọ́n ti wó ilé yín. Èmi ọmọ yín kò sì mọ̀ títí di àárọ̀ òní.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ni mo ń kọ́ ní àwòrán báyìí. A kì í jókòó sí kíláàsì. Òkè Mápó la máa ń gùn, kálukú á gbé pákó lé itan, a ó sì máa ya ìlú tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa. Mo máa ń kìlọ̀ fún wọn pé ohun tí ojú wọn bá rí ni kí wọ́n yà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ bí òjìji ṣe ń rìn. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fa ẹní tẹ̀lé ibòji ògiri, tí ẹ ó sì máa bá aṣọ rírán yín lọ?

Ilé yín ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, láti ibẹ̀ ni mo ti ń wọn ibi tí àwọn ilé yòókù yóò wà. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé n kì í wo ìsàlẹ̀ mọ́ kí n tó kun òrùlé rẹ̀ tó ti dógùn-ún.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, jókòó tì mí lónìí. Ilẹ̀ pupa lásán ló kùn síbi tí ilé wa wà. Mo bá a wí, mo ní kó lajú rẹ̀ dáadáa.

“Kò sílé níbẹ̀, mà. Ẹ wò ó.”

Mo wò ó. Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sáré sọ̀ kalẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣì. Òkìtì amọ̀ ni mo bá. Sàárè yín tó wà nínú yàrá ti di ìta gbangba, ewúrẹ́ sùn lé e. Bàbá Kékeré, àbúrò yín tí ẹ fi ilé lé lọ́wọ́, ń ta okùn ìpìlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọn kò tilẹ̀ tijú, wọ́n ní:

“Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìwọ tó o ti wà nílé ọkọ, kí la fẹ́ bi ọ́?”

Okùn wọn gba orí yín kọjá, Bàbá. Orí yín ni ògiri fẹ́ dúró lé. Mo fa èèkàn náà tu. Wọ́n ní bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la, pé àwọn á tún un kàn. Ṣé ọmọ ìyá yín nìyí? Ta ni mo lè fẹjọ́ wọn sùn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo máa ń fẹjọ́ wọn sùn?

N kò ní kúrò níbí. Òjò ti ṣú láti ìhà Ọ̀rányàn, bẹ́ẹ̀ òjò kò kàn yín rí láti ìgbà tí a ti sin yín. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tẹ̀ lé mi wá, wọ́n sì ti fi tàpólì tí a fi ń bo àwòrán bò yín. Mo jókòó lé etí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Ṣé òtútù ò mú yín?

Èmi ni,
Ọmọ yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.