Èèkàn Inú Egungun

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ikọ́ Màmá ti lọ.

Ara mi ò balẹ̀. Lọ́la ni iṣẹ́ abẹ èjìká àbúrò yín. Èèkàn kékeré ni wọ́n máa kàn sínú egungun, kí wọ́n lè so iṣan tó já mọ́ ọn. Ọkọ mi, káfíńtà yín, bi dókítà pé èwo ló le jù, ti irin àbí èyí tí wọ́n fi òwú ṣe. Dókítà ní, "Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí apá sinmi ló ń fà á tu."

Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣáà fún mi ní irin!" Láàárọ̀ yìí, mo bá òòlù nínú báàgì ọsibítù rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kí ẹ bá a wí. Ọlọ́run á ṣe é láṣeyọrí. Èèkàn tó máa so ọkùnrin yìí mọ́lẹ̀ ò sí ní ọsibítù. Ọ̀dọ̀ yín ló wà.

Ìyàwó yín.